Bí Àgbà Ọ̀jẹ̀ Ṣe Pààrọ̀ Fóònù

Ohun kan ṣoṣo ló wu ọkọ àbúrò mi láyé yìí: kí ó dàgbà ju gbogbo ẹni tó bá jókòó sínú yàrá lọ. Kò wù ú kó lówó jù, kò wù ú kó ga jù, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ẹnikẹ́ni du ẹwà. Ẹ ṣáà ti jẹ́ kó dàgbà.

Gíláàsì ló ń gé. Bí fèrèsé yín bá fọ́, òun ni yóò wá pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ àti pẹ́ńsùlù létí. Yóò wọn ojú fèrèsé náà lẹ́ẹ̀mejì, yóò padà sí ṣọ́ọ̀bù, gíláàsì tó bá sì gé wá kò ní fi ìwọ̀n irun orí kan ṣoṣo tóbi tàbí kéré. N kò tíì rí ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ péye tó bẹ́ẹ̀. Tó bá kan ọjọ́ orí nìkan ni okùn ìwọ̀n rẹ̀ máa ń nà.

Àgbà Ọ̀jẹ̀ la máa ń pè é. Òun ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ náà, ó sì fi sùúrù kọ́ wa títí ó fi mọ́ wa lẹ́nu. Ó ní ọ̀pá kan tí kò fi ti nǹkan kan. Ó ní awò ojú kan tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ gíláàsì fèrèsé lásán. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e. Tó bá fẹ́ dìde lórí àga, yóò kọ́kọ́ di orúnkún méjèèjì mú, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, ọmọdé ṣì ń ṣe yín, lẹ́yìn náà ni yóò wá fò sókè bí ẹni tí èèrà bù jẹ.

Kò sí ohun tí kì í rántí. Ó rántí ìgbà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sójú títì. Ó rántí ìgbà tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ rédíò kan ṣoṣo lójú fèrèsé ẹnìkan. Lọ́jọ́ kan ó jókòó ti ìyá mi, ó ń ròyìn fún wọn bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó, bí bàtà ìyàwó ṣe rì sínú ẹrẹ̀ tí wọ́n sì fi igi yọ ọ́. Màmá gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n wá ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ṣègbéyàwó. Ó ní òjò ìdájí ni, àwọn Màmá ò tíì jí. Nígbà tí mo délé tí mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé ọmọ ọdún kan ni lọ́jọ́ náà, ìyẹn bí a bá gba ọjọ́ orí tó ń pè fún wa gbọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, tí a ń pè ní Tíṣà nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni Tíṣà. Gẹ́gẹ́ bí Àgbà Ọ̀jẹ̀ ṣe wí, ó fi ọdún méjì ju Tíṣà lọ. Nítorí náà, láti ọgbọ̀n ọdún tó ti fẹ́ àbúrò wa, Tíṣà ló ń dìde fún un lórí àga tó dára jù, Tíṣà ló ń gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, Tíṣà ló ń kí i ní "ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n." Òun náà á rọra gbójú sókè, á ní, "Ṣé dáadáa lo jí, àbúrò?"

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ọ̀rọ̀ fóònù ṣe wọ̀ ọ́.

Mo ní ìwé kan tí mo ti ń kọ nǹkan ilé wa sí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ọjọ́ ìbí ẹni kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọmọ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ọjọ́ tí a yí òrùlé padà, àìsàn tó ṣe olúkúlùkù, oògùn tí wọ́n lò sí i, àti bí oògùn náà ṣe ṣe lára rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Àgbà Ọ̀jẹ̀ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé náà, ọgọ́fà ojú ìwé. N kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní fóònù òun nìkan ló lè ríran rí lẹ́tà wíwẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀. Odidi ọ̀sán kan ló fi yà á, ó sì ń sọ fún mi ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pé ìkọ̀wé mi ò dára.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni páànù jò sórí pẹpẹ tí ìwé náà wà. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, yíǹkì ti ṣàn, gbogbo ojú ìwé ti di búlúù kan náà, bí ọ̀run ọ̀sán. Ohun tó kù fún mi kò ju fọ́tò inú fóònù ọkọ àbúrò mi lọ. Mo ní kó fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé lọ́wọ́ àgbà ló wà. Gbogbo ìgbà tí mo bá tún béèrè, ohun kan náà ló ń sọ.

Ní oṣù tó kọjá ni dókítà ojú dá ọjọ́ fún Màmá. Ojú òsì wọn ti lọ tipẹ́. Ojú ọ̀tún ló kù, àwọ̀ funfun kan sì ti ń bò ó bí aṣọ títa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni iṣẹ́ abẹ náà. Dókítà béèrè bóyá oògùn kan wà tí ara Màmá kọ̀, gbogbo wa sì pariwo pé ó wà. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, wọ́n gún Màmá lábẹ́rẹ́ kan tí ojú wọn fi wú tí a ò rí imú wọn mọ́, èémí sì fẹ́ẹ̀ bọ́ lẹ́nu wọn. Dókítà ní kí ni orúkọ abẹ́rẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn kékeré tó gún un ti kógbá wọlé. Ohun tí Màmá rántí kò ju pé bàtà nọ́ọ̀sì náà pupa lọ. Dókítà wá sọ ọ́ gbangba pé òun ò ní fọwọ́ kan ojú tó kù yìí láìmọ orúkọ oògùn náà, àti pé bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá kọjá, ó di oṣù márùn-ún sí i. Ó ní ojú náà ò lè dúró dè wá fún oṣù márùn-ún.

Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti kọ orúkọ oògùn náà lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti ara páálí rẹ̀. Ojú ìwé kẹtàléláàádọ́ta.

Mo dé ilé Àgbà Ọ̀jẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo bá a tó jókòó pẹ̀lú fóònù tuntun lórí itan, ó ń wò ó bí ẹni tó ń dúró de àlejò. Ó ní òun ti pààrọ̀ fóònù láti Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun ò pe ẹnikẹ́ni kó wá ran òun lọ́wọ́, pé ọmọdé ni wọ́n ń bá kó ẹrù fóònù. Ó sì ti lo àǹfààní náà láti pààrọ̀ àkáǹtì pẹ̀lú, torí pé orúkọ rẹ̀ lásán ló wà lórí ti tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá rí i ò lè mọ̀ pé àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tuntun ń jẹ́ Àgbà Ọ̀jẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

Mo ní kó sọ fún mi lẹ́sẹẹsẹ bó ṣe ṣe é.

Ó sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní òun kọ́kọ́ yọ àkáǹtì àtijọ́ kúrò lórí fóònù àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni òun pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù náà rẹ́, mọ́nímọ́ní, bó ṣe yẹ ọmọlúàbí tó fẹ́ kó kúrò nílé onílé. Òun fi fóònù náà ta ẹnìkan níbi iṣẹ́ lọ́rẹ. Òun wá ṣí fóònù tuntun, òun ṣí àkáǹtì tuntun sórí rẹ̀, òun sì jókòó láti dúró de ẹrù.

Mo ní ẹrù wo.

Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ náà. Fọ́tò, nọ́ńbà, ìwé ẹ. Wọ́n ń bọ̀ lọ́nà. Ẹrù púpọ̀ ni, kò lè yára."

Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń retí wọn. Mo gba fóònù náà wò. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ti páálí tí wọ́n fi gbé e wá.

Ìyàwó rẹ̀, àbúrò mi, ń ká aṣọ tó gbẹ lórí tábìlì. Ó kàn na ìka sí òdìkejì títì, níbi tí obìnrin kan ti ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe fóònù. Àǹtí Fóònù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mo lọ pè é. Mo pe Tíṣà pẹ̀lú, wọ́n sì mú Màmá wá torí pé ọ̀dọ̀ Tíṣà ni Màmá ń gbé, kò sì sẹ́ni tí wọ́n lè fi wọ́n tì nílé. Bí gbogbo wa ṣe pé sí pálọ̀ nìyẹn. Tíṣà dìde fún Àgbà Ọ̀jẹ̀ lórí àga, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Àǹtí Fóònù gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì, ó sì fọ̀rọ̀ wá Àgbà Ọ̀jẹ̀ lẹ́nu wò. Ó wá ní kí a má bẹ̀rù. Àwọn fọ́tò náà ò sí nínú fóònù àtijọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú àkáǹtì àtijọ́ ni wọ́n wà, àkáǹtì náà sì ṣì wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Kí á ṣáà wọlé padà síbẹ̀, gbogbo wọn á tú jáde. Ó ní kí ni páásíwọ́ọ̀dù.

Àgbà Ọ̀jẹ̀ ní páásíwọ́ọ̀dù náà le débi pé kò sí olè tó lè mọ̀ ọ́n láyé. Ó sì jẹ́ òótọ́, torí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n.

Àǹtí Fóònù ní kò burú, kí a gbà á láti orí nọ́ńbà tó fi ṣí àkáǹtì náà. Àgbà Ọ̀jẹ̀ ní òun ti sọ síìmù yẹn nù. Nígbà tí a ní kí ló dé, ó ní nọ́ńbà rẹ̀ ń dún bíi nọ́ńbà ọmọdé.

Ọ̀nà kan ló kù. Wọ́n máa béèrè ọjọ́, oṣù àti ọdún tí wọ́n bí ẹni tó ni àkáǹtì, bó ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣí i. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n máa gbà kí ènìyàn gbìyànjú. Bí ìkarùn-ún bá kùnà, wọ́n á ti àkáǹtì náà pa, ó parí.

Ara tu Tíṣà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn, kò sí ẹni tó ń gbàgbé ọjọ́ ìbí ara rẹ̀.

Àgbà Ọ̀jẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí nù ún.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé Àǹtí Fóònù ní ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́. Ibi tó ti kọ́ṣẹ́, nọ́ńbà kan tí wọ́n ṣèèṣì tẹ̀ ti ba fóònù oníbàárà kan jẹ́ rí. Látìgbà náà, kò ní tẹ nọ́ńbà kankan láìkà á sókè ketekete, kò sì ní tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn àfi bí ẹni tó ni fóònù bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń kánjú kó gbé fóònù rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Àgbà Ọ̀jẹ̀ wúkọ́. Ó ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án. Ó tún wúkọ́. Ó ní 1959.

Àǹtí Fóònù kà á. Àgbà Ọ̀jẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ṣí.

Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àǹtí Fóònù ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró ṣinṣin, ó ku ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tíṣà ní kí wọ́n tún un wò dáadáa, kí ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ò sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó pe obìnrin náà súnmọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Obìnrin náà mi orí, ó tẹ̀ ẹ́, ó wá kà á sókè bí ẹni tó ń ka orúkọ ní kíláàsì: ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, 1962.

Tíṣà ń mu omi. Ife dúró sí wọn lẹ́nu. 1961 ni wọ́n bí Tíṣà.

"Ẹ̀gbọ́n, 1962 lẹ wí?"

Ó ní ìyẹn ni wọ́n kọ sí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ òun, pé nígbà náà olùkọ́ ló máa ń wo ojú ọmọ kó tó kọ ọdún. Tíṣà, tí wọ́n fi ọdún mẹ́tàdínlógójì ṣe olùkọ́, ní àwọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí Tíṣà má bínú, ìyẹn ti ṣáájú Tíṣà. Ó sọ fún Àǹtí Fóònù pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò ṣí.

Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta. Lọ́tẹ̀ yìí ó béèrè bébà. Ó fẹ̀yìn sí wa kọ nǹkan sí i, ó ká a ní ìlọ́po mẹ́rin, ó fi lé obìnrin náà lọ́wọ́ bíi lẹ́tà ìfẹ́. Obìnrin náà tú u, ó tẹ̀ ẹ́, ó kà á sókè: 1966.

Ó wá kàn mí. 1965 ni wọ́n bí mi. Mo ti kúnlẹ̀ kí ọkùnrin yìí ní àràárọ̀ tí mo bá sùn sílé wọn. Lọ́jọ́ tí mo pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ó gbé mi jókòó, ó sọ fún mi bí àádọ́ta ọdún ṣe máa ń rí, ó ní kí n máa ṣọ́ra fún àtẹ̀gùn. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìwé wo tún nìyẹn. Ó ní ìwé iṣẹ́ ni, pé ọ̀gá tó gba òun síṣẹ́ ò fẹ́ àgbàlagbà, òun sì ń ran ọ̀gá náà lọ́wọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wí. Kò ṣí.

Màmá, tí kò ríran dé ibi tábìlì, béèrè bóyá ó ti ṣí. Tíṣà ní kò tíì ṣí, ó ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

Màmá ní, "Ta ló gòkè?"

Àgbà Ọ̀jẹ̀ dìde láìdi orúnkún mú. Ó lọ síbi fèrèsé, ó fi ìka kan gíláàsì rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan pè é wá tún un ṣe. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀. Ó ní òun ti rántí. Ó ní àwọn akọ̀wé máa ń fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá mú ìwé wá, ó dá òun lójú pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ti òun. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, 1968.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rí nínú nọ́ńbà yìí, torí ó lè máà hàn sí ẹni tí kò bá máa ń kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀. Ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 1968 ni wọ́n bí àbúrò mi, ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti jọ̀wọ́ Tíṣà, ó ti jọ̀wọ́ èmi, ó wá lọ dúró síbi tó fi ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré ju ìyàwó rẹ̀ lọ, ó sì di ibẹ̀ mú gírígírí.

Àbúrò mi ká ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó gbé e lé orí èyí tó ti ká tẹ́lẹ̀.

Kò ṣí. Ojú kọ̀ǹpútà yọ lẹ́tà pupa. Àǹtí Fóònù kà á fún wa: ó ku ẹ̀ẹ̀kan.

Àgbà Ọ̀jẹ̀ ní kí a jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé, bóyá ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Àǹtí Fóònù ní ẹ̀rọ ni, kì í sinmi. Ọkùnrin náà ní bóyá bí Màmá bá sùn dáadáa, orúkọ oògùn náà lè sọ sí wọn lọ́kàn lójú oorun. Mo rán an létí ohun tí dókítà sọ nípa oṣù márùn-ún. Ó ní kí gbogbo wa jáde kúrò ní pálọ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, kó ku òun àti obìnrin yìí. Tíṣà ní àwọn jókòó dáadáa.

Ibẹ̀ ni Màmá ti na ọwọ́, wọ́n ń wá ibi tí Àgbà Ọ̀jẹ̀ wà. Wọ́n di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú.

"Bàbá," wọ́n ní, "ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, kò ṣeé ṣe náà nìyẹn. Ohun tí mo ti fi ojú yìí rí náà pọ̀."

Mo ti sọ púpọ̀ nípa ọkùnrin yìí, ó yẹ kí n sọ èyí náà. Ó wo ọwọ́ Màmá lára aṣọ rẹ̀. Ó wá bọ́ awò ojú, ó kó o sápò. Kò sọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni, kò sì béèrè bébà. Ó sọ ọ́ sókè, ó ń wo ilẹ̀:

"Ọjọ́ kẹrìnlá. Oṣù kẹsàn-án. 1968."

Àǹtí Fóònù tẹ̀ ẹ́, ó kà á. Ó dúró. Ó tún un kà. Ọkùnrin náà mi orí. Àǹtí Fóònù ní ẹnu ni òun ń gbà, òun kì í gba orí mímì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún gbóhùn sókè díẹ̀ sí i, bóyá kò gbọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí.

Ó ṣí.

Àwọn fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn ìwé wá síwájú. N kò mí títí a fi kan ojú ìwé kẹtàléláàádọ́ta. Ìkọ̀wé mi nìyí, ó ṣe kedere, ó mọ́, kò sí omi lára rẹ̀. Tíṣà pe dókítà lórí fóònù, wọ́n sì ka orúkọ oògùn náà fún un ní lẹ́tà lẹ́tà. Ó ní oògùn yẹn gan-an ló wà nínú ìwé fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní òun ti fa ìlà pa á báyìí, òun á lo òmíràn.

Màmá ń béèrè pé kí ni dókítà wí. Tíṣà sọ fún wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàdúrà fún Àgbà Ọ̀jẹ̀: kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, kó pẹ́ láyé, kó dàgbà dàgbà. Ó ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè.

Tíṣà fi fóònù sílẹ̀, wọ́n fi ìka ṣírò.

"Ọdún méje," ni wọ́n wí. Wọ́n tún un ṣírò. "O kéré sí mi ní ọdún méje. Mo ti wà ní kíláàsì kejì kí wọ́n tó bí ọ."

Mo kọjú sí àbúrò mi. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó mọ̀ pé òun fi oṣù mẹ́jọ ó dín díẹ̀ ju ọkọ òun lọ, tó sì jẹ́ kí n kọ irọ́ sínú ìwé ilé fún ọgbọ̀n ọdún.

Ó ní òun mọ̀ kẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ọkọ òun kọ́kọ́ wá kí bàbá wa, Tíṣà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n ní ọmọ ọdún mélòó ni. Ẹ̀rù bà á. Ó bi ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mélòó ni ẹni tó ń bi òun léèrè yìí, ó fi méjì kún un, ó sì wọlé. "Kò fẹ́ kí ẹ lù ú ni," àbúrò mi wí fún Tíṣà. "Nígbà tó yá ló wá dùn mọ́ ọn lẹ́nu."

Tíṣà ní irọ́ ni, àwọn ò ká apá aṣọ sókè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní àfi bóyá ooru ló mú.

Ó ku kí Àǹtí Fóònù kó gbogbo nǹkan wọ inú àkáǹtì tuntun. Ó tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó ní àkáǹtì tuntun yìí ò tíì parí, ẹni tó ṣí i sá kúrò níbi ìbéèrè kan. Wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ ìbí. Gbogbo wa yíjú sí ọkùnrin náà.

Ó rò ó. Ó wo Tíṣà, ó wò mí, ó wo ìyàwó rẹ̀. Mo rí i pé nǹkan kan ń tàn bọ̀ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kọ òótọ́ síbẹ̀," ó wí fún Àǹtí Fóònù. "1968. Jẹ́ kó hàn kedere."

Ó wá na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ. Ó ní kí a wò ó dáadáa, nínú gbogbo ẹbí tó jókòó sí pálọ̀ yìí, òun lòun kéré jù. Kí a wo ohun tí òun ti ṣe láyé pẹ̀lú ọjọ́ orí kékeré yìí. Òun ti ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ti kọ́ àwọn mẹ́fà níṣẹ́ gíláàsì. Ó bi Tíṣà pé nígbà tí Tíṣà wà ní ọmọ ọdún tí òun wà yìí, ta ló gbọ́ pé Tíṣà ní fóònù tó tó báyìí. Ó rìn láti fèrèsé dé ilẹ̀kùn, ó rìn padà, kò mú ọ̀pá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ òun ṣì gbóná. Nígbà tí mo fẹ́ dìde láti wo ojú kọ̀ǹpútà, ó sáré wá di apá mi mú, ó ní kí n rọra, pé kò yẹ kí ẹni ọjọ́ orí mi máa ṣàdéédé dìde. Ó ní ọmọdé dùn, pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún òun.

Àbúrò mi ká aṣọ ìkẹyìn. Ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lórí òkìtì aṣọ, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè jókòó dáadáa.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbúrò mi," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Abọ́ àárọ̀ wà nínú ilé ìdáná. Lọ fọ̀ wọ́n kí omi tó lọ."